Bí A Ti Ń Ya Àwòrán Ojú Ọ̀run Lóru

Ẹni tí ó ti ń gbé ìlú ńlá láti kékeré lè dàgbà, kí ó sì gbó, láìmọ bí ojú ọ̀run ti rí ní tòótọ́. Iná mànàmáná tí ń bẹ lójú títì, ní ọjà àti ní ilé epo, bí ó ti ń tàn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń tàn sókè, ó sì ń sọ ojú sánmà di rúsúrúsú, tí ó fi jẹ́ pé ìwọ̀nba ìràwọ̀ díẹ̀ ni ojú lè rí. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ ní gbogbo àdúgbò, èyí tí kì í ṣe ohun àjèjì láàrin wa, tí ó sì bọ́ sí alẹ́ tí òṣùpá kò yọ, ẹ jáde sí àgbàlá kí ẹ gbé ojú sókè. Ẹ ó rí i pé ọ̀run kò ṣófo bí ẹ ti rò. Èyí tí ó dára jù ni kí ẹ lọ sí abúlé tí ó jìnnà sí iná, kí ẹ dúró nínú òkùnkùn fún bí ìdajì wákàtí, nítorí pé òkùnkùn kì í tètè mọ́ ojú lára. Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó wá rí ọ̀já ìmọ́lẹ̀ kan tí ó funfun bàìbàì, tí ó ti ìpẹ̀kun ọ̀run kan nà dé èkejì, bí ọ̀já ìyá ọlọ́mọ tí a sá sórí okùn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní Milky Way, nítorí pé lójú àwọn ará àtijọ́ ilẹ̀ Yúróòpù ó jọ wàrà tí ó dà sílẹ̀. Kùrukùru kọ́, èéfín kọ́. Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ni, tí wọ́n pọ̀ tí wọ́n sì jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ènìyàn kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Oòrùn tiwa yìí pàápàá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Mo ní ẹ̀gbọ́n ìyá kan, àgbẹ̀ ni wọ́n, abúlé kan ní Òkè-Ògùn ni wọ́n sì ti lo gbogbo ọjọ́ ayé wọn. Bàbá yìí ni ó kọ́ mi ní ìgbà èwe mi pé Àgùàlà kì í ṣe ajá òṣùpá, bí àwọn ènìyàn tilẹ̀ ń pè é bẹ́ẹ̀ nítorí pé a máa ń rí àwọn méjèèjì pọ̀. Ọ̀nà tirẹ̀ ni ó ń tọ̀. Nígbà tí Bàbá lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí ṣe bàìbàì. Dókítà sọ fún wa pé àrùn náà kì í ṣe irú èyí tí a lè fi iṣẹ́ abẹ mú kúrò, pé díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa gba ìyókù ìríran wọn lọ. Bàbá ṣì ń rí ènìyàn, wọ́n sì ń rí ìwé onílẹ́tà gàdàgbà bí a bá gbé e súnmọ́ wọn, ṣùgbọ́n wọn kò rí ìràwọ̀ mọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, bí a ti jókòó sí iwájú ilé, Bàbá bi mí léèrè pé, "Ṣé àwọn ìràwọ̀ ṣì wà níbẹ̀ bí wọ́n ti wà?" Mo ní, "Wọ́n wà níbẹ̀, Bàbá." Mo sì ṣèlérí pé n ó ya àwòrán wọn, n ó sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé tí ó fẹ̀ bí ojú fèrèsé, kí Bàbá lè gbé e súnmọ́ ojú kí wọ́n sì wò ó.

Ẹnu dùn ún ròfọ́. Kámẹ́rà tí mo ní dára, mo sì ti fi ya àwòrán ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú lóríṣiríṣi. N kò mọ̀ pé ìmọ̀ ọ̀sán yàtọ̀ sí ti òru.

Ohun tí ó mú wọn yàtọ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tí ó ń dé ọ̀dọ̀ wa kéré púpọ̀. Ojú ènìyàn kì í kó ìmọ́lẹ̀ jọ pẹ́ títí: èyí tí ó bá wọlé nísinsìnyí ni ó ń lò, kíá ni ó sì ń jù ú nù kí ó lè gba òmíràn. Kámẹ́rà kò rí bẹ́ẹ̀. Ó dà bí akèrègbè tí adẹ́mu so mọ́ ọrùn ọ̀pẹ. Ẹni tí ó bá gbé ẹnu sábẹ́ ọ̀pẹ, tí ó sì gbé e kúrò lójú ẹsẹ̀, kò lè rí ju ẹ̀kán kan tàbí méjì lọ, ṣùgbọ́n akèrègbè tí ó sun ibẹ̀ mọ́jú yóò kún. Bí a bá ṣí ojú kámẹ́rà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 20, gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí ó wọlé láàrin àkókò náà ni yóò wà nínú àwòrán kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tí kámẹ́rà fi lè rí ìràwọ̀ tí ẹni tí ojú rẹ̀ mú jù lọ nínú wa kò lè rí.

Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti mọ èyí. Ní òru kan nínú oṣù keje ọdún 1850, ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, William Cranch Bond tí ó jẹ́ onímọ̀ ìràwọ̀ àti John Adams Whipple tí ó jẹ́ ayàwòrán ya àwòrán ìràwọ̀ tí a ń pè ní Vega. Yàtọ̀ sí oòrùn wa, òun ni ìràwọ̀ àkọ́kọ́ tí a yà ní àwòrán láyé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìtàn rẹ̀ wù mí jù nínú àwọn ayàwòrán ọ̀run ni Edward Emerson Barnard. Ìlú Nashville ni a ti bí i ní ọdún 1857. Bàbá rẹ̀ ti kú kí a tó bí i, ìṣẹ́ sì ta wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ní láti fi í sí ẹnu iṣẹ́ ní ilé ayàwòrán kan nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ní ayé ìgbà náà, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni wọ́n fi ń sọ àwòrán kékeré di ńlá, ẹ̀rọ gàgàrà kan sì wà lórí òrùlé fún iṣẹ́ yìí. Iṣẹ́ ọmọ náà ni kí ó máa yí ẹ̀rọ yìí tẹ̀lé oòrùn díẹ̀díẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ má baà yẹ̀ kúrò níbi tí ó yẹ kí ó bà sí. Ọmọ mìíràn ìbá ti sùn lọ lórí òrùlé. Barnard kò sùn.

Ní ọdún 1889, nígbà tí ó ti di onímọ̀ ìràwọ̀ ní ibùdó Lick tí ó wà lórí òkè Hamilton ní California, ó mú lẹ́ńsì kan tí a ti ṣe fún yíya àwòrán ènìyàn, ó sì dojú rẹ̀ kọ Milky Way. Awò ńlá tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń lò kò lè rí ju ibi tóóró kan lọ lójú ọ̀run, ṣùgbọ́n lẹ́ńsì yìí rí ibi gbàgàdà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ wákàtí ni Barnard fi ń jókòó nínú òtútù, tí ó ń fi ọwọ́ darí ẹ̀rọ tẹ̀lé ìràwọ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń darí rẹ̀ tẹ̀lé oòrùn nígbà tí ó wà ní kékeré. Irú àwọn àwòrán wọ̀nyí ni ó jẹ́ kí a wá mọ̀, nígbà tí ó yá, pé púpọ̀ nínú àwọn ibi dúdú tí a ń rí láàrin ọ̀já náà kì í ṣe ihò. Eruku ni ó wà níbẹ̀, tí ó bo àwọn ìràwọ̀ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀. Barnard kú ní ọdún 1923. Ní ọdún 1927 ni a tẹ ìwé àwòrán rẹ̀ jáde.

Àwa kò ní láti jókòó fún ọ̀pọ̀ wákàtí mọ́, nítorí pé kámẹ́rà òde òní mọ ìmọ́lẹ̀ gbà ju àwo gíláàsì ayé Barnard lọ jìnnà. Síbẹ̀, ohun tí ó bá a jà ń bá àwa náà jà: ọ̀run kò dúró sójú kan. Ayé ni ó ń yí, ṣùgbọ́n lójú wa, bí ẹni pé ìràwọ̀ ni ó ń rìn. Dígírì 15 ni wọ́n ń rìn ní wákàtí kan. Láàrin ìṣẹ́jú méjì péré, ìràwọ̀ a ti rìn tó ìbú òṣùpá àrànmọ́jú. Bí a bá ṣí ojú kámẹ́rà pẹ́ jù, ìràwọ̀ kì yóò rí roboto mọ́, yóò fà gbọọrọ bí ipa ìgbín lára ògiri.

Báwo ni a ó ti ṣe mọ ibi tí ó yẹ kí a dé? Àwọn ayàwòrán ní ìṣirò kan tí kò le. Ẹ wo iye mìlímítà tí a kọ sára lẹ́ńsì yín, kí ẹ fi pín 500. Iye tí ẹ bá rí ni iye ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ lè ṣí i sílẹ̀. Bí lẹ́ńsì bá jẹ́ ti mìlímítà 24, ìṣẹ́jú àáyá 20 àti díẹ̀ ni. Bí kámẹ́rà bá jẹ́ èyí tí àwo ìgbàmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ kéré, irú èyí tí ó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, ẹ kọ́kọ́ sọ mìlímítà náà di ìlọ́po kan àbọ̀: 24 yóò di 36, ìṣẹ́jú àáyá yóò sì di bíi 14. Ìdí nìyí tí a fi ń lo lẹ́ńsì tí ó ń wo ibi gbàgàdà. Bí ibi tí lẹ́ńsì ń wò bá ti fẹ̀ tó ni ìrìn ìràwọ̀ ṣe ń kéré tó nínú àwòrán. Ní tèmi, 500 yìí ti pọ̀ jù fún ilẹ̀ wa. Àwọn ìràwọ̀ tí ó wà lẹ́bàá ìràwọ̀ àríwá kì í rìn lọ títí. Àwọn tí ó wà lókè ìlà agbedeméjì ayé ni eré wọn pọ̀ jù. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìràwọ̀ àríwá fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó sórí ilẹ̀, kò ga ju bíi dígírì 7 tàbí 8 lọ, àwọn sárésáré ni ó sì ń gba orí wa kọjá. Nítorí náà, 300 ni èmi máa ń pín. Àwòrán mi a dúdú díẹ̀, ṣùgbọ́n ìràwọ̀ inú rẹ̀ a rí roboto.

Nígbà tí àkókò kò ṣeé fà gùn, a ní láti wá ìmọ́lẹ̀ gba ibòmíràn. Ihò tí ó wà nínú lẹ́ńsì ni ó kàn. Nọ́ńbà tí a fi ń wọn ihò yìí máa ń da orí akẹ́kọ̀ọ́ rú, nítorí pé bí nọ́ńbà bá ti kéré tó ni ihò ṣe ń fẹ̀ tó. Ìmọ́lẹ̀ tí f/2.8 ń gbà jẹ́ ìlọ́po méjì ti f/4, ti f/1.4 sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti f/2.8. Ẹ ṣí i dé ibi tí ó fẹ̀ jù, tàbí kí ó kù díẹ̀ kí ó dé ibẹ̀, nítorí pé àwọn lẹ́ńsì mìíràn wà tí ó jẹ́ pé bí a bá ṣí wọn tán pátápátá, àwọn ìràwọ̀ tí ó wà ní igun àwòrán a hu ìyẹ́ bí ẹyẹ.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí a ń kọ sára kámẹ́rà ní ISO. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ISO ń fi kún ìmọ́lẹ̀. Kò fi ohunkóhun kún un. Bí a bá yí ohùn rédíò sókè, a ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ariwo ṣíṣì tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ náà yóò ga sí i. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ISO rí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 3200. Bí àwòrán bá kún fún èérún bí iyanrìn, ẹ dín in kù sí 1600. Bí ó bá sì dúdú jù, ẹ lè gbé e dé 6400. Kí ẹ sì rí i pé kámẹ́rà ń fi àwòrán pamọ́ ní irú èyí tí a ń pè ní RAW. Ẹni tí ó ní ẹ̀gẹ́ nílé lè fi ṣe gàrí, ó lè fi ṣe fùfú, ó sì lè fi ṣe láfún. Ẹni tí ó ti sọ gbogbo rẹ̀ di gàrí, ẹ̀bà ni yóò tẹ̀. RAW ni ẹ̀gẹ́ tí a kò tíì rin. Ní ti àwọn ohun kéékèèké yòókù, kámẹ́rà gbọ́dọ̀ wà lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kì í mì, ẹ pa ohun inú lẹ́ńsì tí ń dènà ìgbọ̀n ọwọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí kámẹ́rà dúró fún ìṣẹ́jú àáyá méjì lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ kí ó tó yàwòrán. Àwọn fóònù kan wà lóde òní tí a lè fi ọwọ́ yan gbogbo nǹkan wọ̀nyí lórí wọn. Ẹni tí kò ní kámẹ́rà lè gbé irú rẹ̀ ti òkúta, kí ó ṣe bákan náà.

Gbogbo èyí ni mo ti kà nínú ìwé kí n tó jáde nílé ní oṣù kẹta ọdún 2023. Ohun tí n kò kà dáadáa ni ọ̀nà tí ìràwọ̀ fi ń mọ́ gaara nínú àwòrán, èyí tí àwọn ayàwòrán wa ń pè ní fókọ́ọ̀sì. Ní ọ̀sán, kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe é: ó ń wá ibi tí dúdú àti funfun ti pàdé, ó sì ń fi ibẹ̀ tún ojú ṣe. Lóru, kò rí nǹkan kan dìmú. Yóò máa yí lọ, yóò máa yí bọ̀, bí ẹni tí ń wá bàtà nínú òkùnkùn. Nítorí náà mo pa á, mo sì yí òrùka lẹ́ńsì dé ibi àmì kan tí ó dà bí 8 tí ó dùbúlẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí ibi tí ó jìnnà títí láé. Mo rò ó pé kò sí ohun tí ó jìnnà ju ìràwọ̀ lọ, àmì yìí ni yóò bá a mu. Mo ya àwòrán mọ́kànlélógójì. Lójú gíláàsì kékeré tí ó wà lẹ́yìn kámẹ́rà, gbogbo wọn dára, mo sì ń fi ayọ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí àpáta nígbà tí ilẹ̀ mọ́.

Nígbà tí mo dé ìlú, tí mo sì gbé wọn sórí kọ̀ǹpútà, mo rí i pé kò sí ìràwọ̀ kan nínú wọn. Ohun tí ó wà níbẹ̀ dà bí ẹ̀wà tí a dà sínú omi, ọ̀kọ̀ọ̀kan wú, ó sì ràn. Mo fẹ́ fi wọ́n pamọ́, ṣùgbọ́n Bàbá ti ń béèrè. Mo tẹ ọ̀kan, mo sì gbé e lọ. Bàbá gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà, wọ́n tún gbé e súnmọ́ ojú. Wọ́n ní, "Ojú kámẹ́rà rẹ yìí náà ti ń ṣe bí tèmi." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni èyí. Àwọn tí ń ṣe lẹ́ńsì mọ̀ pé ooru a máa mú irin àti ike fẹ̀, òtútù a sì máa mú un sún kì. Nítorí náà wọ́n jẹ́ kí òrùka púpọ̀ nínú àwọn lẹ́ńsì wọn lè yí kọjá ibi tí ó jìnnà títí láé díẹ̀. Àmì tí a kọ sí i kàn ń tọ́ka sí sàkáání ibẹ̀ ni, kì í ṣe ojú ibẹ̀ gan-an. Àṣìṣe tí kò nípọn tó irun orí kan nínú lẹ́ńsì ti tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bí a bá ya ènìyàn, tí fókọ́ọ̀sì sì yẹ̀ díẹ̀, a ṣì lè mọ ẹni tí ó jẹ́. Ìràwọ̀ kò ní imú, kò ní etí. Ojúàmì kan ṣoṣo ni. Bí ojúàmì náà bá ràn di ìlọ́po méjì ìbú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò fọ́n sórí ibi tí ó fẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin, àwọn ìràwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ wọn kéré yóò sì parẹ́ pátápátá. Gbogbo wàhálà tí a ṣe lórí àkókò, lórí ihò àti lórí ISO, ìmọ́lẹ̀ ni a ń wá. Fókọ́ọ̀sì tí kò dára ni ó ń da ìmọ́lẹ̀ náà nù.

Ọ̀nà tí ó dájú ni kí ẹ yí bọ́tìnnì ara lẹ́ńsì láti A tàbí AF sí M, kí kámẹ́rà má baà ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ dojú kámẹ́rà kọ ìràwọ̀ tí ó mọ́lẹ̀ jù lójú ọ̀run ní àkókò náà. Àgùàlà dára púpọ̀ bí ó bá wà lókè. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo ṣàṣìṣe yẹn, ó wà ní ìwọ̀-oòrùn tí ó ń tàn bí fìtílà, n kò sì kọbi ara sí i. Ẹ wo ìràwọ̀ náà nínú gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà, kì í ṣe nínú ihò tí a ń yọjú sí, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnnì tí ń sọ àwòrán di ńlá títí yóò fi di ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹ wá máa yí òrùka lẹ́ńsì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìràwọ̀ yóò máa kéré sí i, yóò máa kéré sí i, lẹ́yìn náà yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí wú. Ẹ má ṣe dúró nígbà àkọ́kọ́ tí ó bá kéré. Ẹ yí i kọjá, kí ẹ rí i pé ó ti wú, kí ẹ sì padà sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá ti lọ tí ó ti bọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ọwọ́ rẹ̀ yóò mọ ibi tí ó ti kéré jù. Àmì kan tún wà tí mo fẹ́ràn: nígbà tí ẹ bá dé ojú ibẹ̀ gan-an, àwọn ìràwọ̀ wẹ́wẹ́ tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ yóò yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìràwọ̀ ńlá náà, bí ọmọ adìyẹ tí ń jáde lábẹ́ ìyá wọn.

Ìràwọ̀ kan tó fún gbogbo wọn. Ìmọ́lẹ̀ Vega ń rìn fún bí ọdún 25 kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ti àwọn mìíràn ń rìn fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, ṣùgbọ́n lójú lẹ́ńsì ọ̀gangan kan náà ni gbogbo wọn wà. Bí ẹ bá ti rí ojú ibẹ̀, ẹ fi téèpù lẹ òrùka náà mọ́ ara lẹ́ńsì kí ó má baà yẹ̀. Ẹ ya àwòrán kan, kí ẹ sọ ọ́ di ńlá lójú gíláàsì, kí ẹ wò ó fínnífínní kí ẹ tó ya èkejì. Bí òtútù bá sì mú sí i ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, ẹ tún un wò.

Mo ní láti dúró fún ọdún kan gbáko. Láti oṣù karùn-ún, ìkùukùu òjò a bo gbogbo ọ̀run. Nígbà tí òjò bá sì lọ tán, ọyẹ́ a gbé eruku dé láti aṣálẹ̀ Sàhárà, ojú ọ̀run a sì dà bí omi tí a fi fọ ilá. Àárín méjèèjì ni ó dára, pàápàá jù lọ lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ tí ó ti fọ eruku nù. Ní oṣù kẹta, ibi tí ó nípọn jù lára Milky Way a máa yọ láàrin ìlà-oòrùn àti gúúsù lẹ́yìn ọ̀gànjọ́ òru, nígbà tí ó bá sì fi di agogo márùn-ún ìdájí, ó ti gòkè dáadáa. Ẹ yan àwọn òru tí òṣùpá kò sí. Ẹ mú aṣọ funfun tí ó mọ́ dání láti nu ìrì kúrò lójú lẹ́ńsì, ẹ mú bátìrì méjì, kí ẹ sì fi bébà pupa bo ojú tọ́ọ̀ṣì yín, nítorí pé iná funfun yóò ba òkùnkùn tí ó ti mọ́ ojú yín lára jẹ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe gun òkè kankan lóru láìjẹ́ pé ẹ kọ́kọ́ lọ sọ fún baálẹ̀ àti àwọn ọdẹ ibẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kékeré tí ó ń ṣẹ́jú nínú igbó lóru, ohun mìíràn ni ó jẹ́ lójú ọdẹ.

Ní oṣù kẹta ọdún 2024 mo tún gun àpáta náà, ọmọ ọdẹ kan sì ṣáájú mi. Vega ni ó mọ́lẹ̀ jù ní ìhà àríwá, mo sì fi í tún ojú kámẹ́rà ṣe, ìràwọ̀ kan náà tí wọ́n yà ní ọdún 1850. Ó gbà mí tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà mo yí ojú kámẹ́rà sí gúúsù, mo fi í sí f/2.8, ìṣẹ́jú àáyá 13 àti ISO 3200, n kò sì ya ju àwòrán méje lọ.

Nígbà tí mo gbé èyí tí mo tẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Bàbá, wọ́n ní kí n gbé àga wọn síta sínú oòrùn òwúrọ̀. Wọ́n gbé ìwé náà sórí itan, wọ́n sì tẹ orí wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Wọn kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ń fi ìka tọ ọ̀já náà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, wọ́n sì ń dúró níbi tí eruku ti pín in sí méjì. Níkẹyìn wọ́n bi mí léèrè pé, "Àgùàlà dà?" Mo ní, "Kò sí nínú rẹ̀, Bàbá. Ní ìlà-oòrùn ni ó ti yọ, nígbà tí mo ti palẹ̀ ẹrù mọ́." Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Mo ti sọ fún ọ, kì í ṣe ajá ẹnì kankan."